Kòlòbó Mẹ́fà

Tábìlì gígùn kan ló wà láàárín gbọ̀ngàn tí wọ́n háyà fún fíìmù náà, gbogbo ìbẹ̀rù tí owó táṣẹ́rẹ́ lè rà ló sì tò sórí rẹ̀. Agbárí tí wọ́n fi páálí ṣe wà níbẹ̀. Ọ̀bẹ tí kò lè gé búrẹ́dì wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kún inú ike kan, àmọ́ omi ṣúgà ni, tí wọ́n po aró pupa mọ́, eṣinṣin sì ti mọ àṣírí rẹ̀ kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n. Obìnrin tó kó gbogbo rẹ̀ jọ ni wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹrù, nítorí kò sí ọjọ́ tí wọ́n máa rí i tí kò ní ru nǹkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wá ohunkóhun tí òṣèré máa fọwọ́ kàn nínú eré, kí ó tò ó síwájú olùdarí, kí olùdarí wá mú èyí tó bá wù ú.

Kí olùdarí tó dé lọ́jọ́ kan, òun àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ń dán ẹrù wò. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, òun nìkan ṣoṣo ni Ìyá Ẹrù bí. Ìyá Ẹrù gbà pé ohun tí kò bá dára lọ́wọ́ kò lè dára lójú kámẹ́rà, nítorí náà kò sí ẹrù tó máa dé orí tábìlì tí ọmọ rẹ̀ kò ní kọ́kọ́ fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ dì mú.

"Gbé agbárí yẹn sókè díẹ̀. Má rẹ́rìn-ín."

"Mọ́mì, ó jọ lándílọ́ọ̀dù wa."

"Mo ní o má rẹ́rìn-ín. Ó jọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ má rẹ́rìn-ín."

Abẹ́ tábìlì, láàárín àwọn ohun àtijọ́ tí oníkálukú kó wá láti ilé, ni wọ́n ti rí pósí kékeré kan. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Igi dúdú ni wọ́n fi ṣe é, kò sí ìṣó kankan lára rẹ̀. Etí igi kan wọ inú èkejì bí eyín òkè ṣe ń bá eyín ìsàlẹ̀ pàdé. Ìyá Ẹrù wò ó bí oníṣẹ́ ṣe ń wo iṣẹ́ oníṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ìyẹn ló máa ń dun èèyàn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé inú rẹ̀ dùn.

"Ta ló ṣe èyí? Ọwọ́ ẹ̀ mà mọ́ o. Gbà, ṣí i fún mi. Díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tẹ́rù ń bà."

Ọmọ náà ṣí i. Irun kékeré kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ká a roboto.

"Wọ́n tiẹ̀ tún fi irun sí i. Àwọn kan mọ iṣẹ́ láyé yìí."

"Mọ́mì, ó tutù. Bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ nínú fìríìjì."

"Igi tó bá dára máa ń tutù. Má gbé e sílẹ̀, jẹ́ n wò ó dáadáa."

Ọmọ náà dì í mú títí ìyá rẹ̀ fi wò ó tẹ́rùn. Lókè àkàbà, ọkùnrin tó ń kan ògiri pátákó dá òòlù dúró. Káfíńtà ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì tún gbé òòlù sókè.

*

Ohun tí Káfíńtà jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà nìyí.

Ọdún mọ́kànlá ni òun náà fi ṣe iṣẹ́ Ìyá Ẹrù fún olùdarí yìí kan náà. Òun ló ń wá ẹrù, òun ló ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan, níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, olùdarí mú ère ìwin kan tí Káfíńtà fi ọ̀sẹ̀ méjì gbẹ́, ó yí i lọ́wọ́, ó ní, "Ohun ìṣeré ọmọdé nìyí. Kò sẹ́ni tí èyí máa dẹ́rù bà." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì wọ́n pe Ìyá Ẹrù, wọ́n sì ní kí Káfíńtà máa kan ògiri àti àtẹ̀gùn. Kò jà, kò sì kúrò. Ó gbé e mì, àmọ́ kò lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ó lọ bá ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Aago kún ara ògiri, kò sí méjì tó ń sọ ohun kan náà nínú wọn. Ọkùnrin náà kò gbójú sókè.

"Iṣẹ́ tìrẹ ni kí o ṣe," ó ní, "èmi á fi tèmi kún un. Mú irun ẹni tí obìnrin tó gbapò ẹ fẹ́ràn jù wá."

Káfíńtà rí irun náà lára kóòmù tí ọmọ obìnrin yẹn gbàgbé sídìí dígí àwọn òṣèré. Nígbà tó padà gbé pósí lọ, aláago mú un wọ yàrá ẹ̀yìn fún ìwọ̀nba ìgbà tí èèyàn fi lè mu ife omi kan, ó sì gbé e jáde.

"Kí ẹni tó ni irun ṣáà kọ́kọ́ fọwọ́ ara ẹ̀ ṣí i. Ìka ni òtútù á ti bẹ̀rẹ̀, á máa gòkè. Tó bá dé àyà, ó parí."

Ẹ̀rù ba Káfíńtà nígbà náà. "Tí mo bá wá fẹ́ kó dúró ńkọ́?"

Aláago wá gbójú sókè. "Ìṣó tí kò lórí ni. Ìwọ tóo jẹ́ káfíńtà, báwo lo ṣe máa ń fa ìyẹn yọ?"

*

Ọjọ́ kẹta ni ìka ọmọ Ìyá Ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í tutù, èyí tó kéré jù lọ́wọ́ ọ̀tún. Wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó máa ń fi kan ìyá rẹ̀ lọ́rùn láti ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ á ké, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kẹjọ, ìka márààrún ni. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ya àwòrán egungun rẹ̀, ó ní gbogbo rẹ̀ dára. Ológbò ilé tó máa ń sùn lórí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Á dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, á wò ó, á yí padà. Nígbà tí òtútù dé ọrùn ọwọ́, ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tíì gbígbóná dà sí i lọ́wọ́, kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ìyá Ẹrù nu ilẹ̀ mọ́. Ó lọ sí gbọ̀ngàn lọ́sàn-án gangan, ó mú pósí kékeré lórí tábìlì, ó gbé irun inú rẹ̀ lọ sójú fèrèsé. Òwú àwọ̀ ewé kan wà láàárín irun náà. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òwú yẹn di irun ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín agbárí àti ọ̀bẹ. Òun ló fi í lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Òun ló ní kó má gbé e sílẹ̀.

Ó gbé pósí náà lọ sẹ́yìn ilé, ó da kẹrosíìnì sí i, ó ṣáná. Ó jó dáadáa, ó di eérú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òtútù ti fo láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá.

*

Aránṣọ kan tó máa ń bá wọn rán aṣọ eré ló júwe Ìyá Olówùú fún un. Obìnrin àgbà ni, ó ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípù nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan, ọwọ́ rẹ̀ kì í sinmi, ó ń ká òwú bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"O sun ún," ó ní, kí Ìyá Ẹrù tó jókòó.

"Mo sun ún, Mà."

"Ohun tí wọ́n há mọ́nú àpótí, ìwọ lo fi iná ṣílẹ̀kùn fún un. Ibo ló dé?"

"Ìgúnpá." Ìyá Ẹrù bú sẹ́kún. "Mà, èmi ni mo gbé e lé e lọ́wọ́. Òun nìkan ni mo ní."

"Nu ojú ẹ. Ẹni tó ń sunkún ò lè gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ."

Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, òmíràn sì ń dáhùn, bẹ́ẹ̀ Ìyá Ẹrù kò rí ẹlòmíràn tó wọlé. Nígbà tó jáde, kòlòbó kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkòkò amọ̀ kékeré tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Wọ́n ti fi aṣọ dí ẹnu rẹ̀, wọ́n fi òwú dúdú dì í yípo yípo.

"Níwọ̀n ìgbà tí èyí bá wà ní dídì, òtútù yẹn ò ní lè gòkè mọ́. Á máa padà sẹ́yìn. Má gbé e sílé. Ẹni tó rí irun ọmọ ẹ mú mọ ilé ẹ. Tó bá já bọ́, tó fọ́, tí ẹsẹ̀ àjèjì tẹ̀ ẹ́, wá bá mi, a máa di òmíràn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kò gbọdọ̀ fọ́ ọ, ọwọ́ ọmọ náà. Tó bá fi ọwọ́ ara ẹ̀ fọ́ ọ, má wá sọ́dọ̀ mi mọ́. Mi ò ní mọ ohun tí mo máa sọ fún ẹ."

"Ṣé kí n kìlọ̀ fún un?"

"Má kìlọ̀. Tó bá ti mọ̀, ẹ̀rù á máa bà á. Ẹ̀rù ni nǹkan yẹn ń jẹ."

*

Ìyá Ẹrù ro ibi tí yóò gbé e sí. Láàárín ọgọ́rùn-ún oògùn èké, ta ló máa wo ẹyọ òótọ́ kan lẹ́ẹ̀mejì? Ó gbé kòlòbó sábẹ́ tábìlì gbọ̀ngàn, sáàárín àwọn ìkòkò tó fọ́ létí àti agbárí tí wọn ò lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìgúnpá ọmọ rẹ̀ gbóná. Lọ́sẹ̀ kejì, ọrùn ọwọ́. Ológbò padà wọ yàrá. Ìyá Ẹrù máa ń jí lóru lọ di ọwọ́ ọmọ náà mú kó lè mọ ibi tí òtútù dé, ó wá ku ìka kékeré nìkan.

Inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi mú ọmọ náà lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọjọ́ tí wọ́n lọ yẹn ni olùdarí jókòó sídìí tábìlì láti mú ẹrù. Nígbà tí Ìyá Ẹrù padà dé, olùdarí ń fi ẹsẹ̀ ti ìdajì àwọn ẹrù sẹ́gbẹ̀ẹ́, kòlòbó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Ẹrù! Èyí wà níbí lẹ ṣe ń fi agbárí páálí hàn mí? Ẹ wò ó. Mo fọwọ́ kàn án, gbogbo irun ara mi dìde. Èyí ni òṣèrébìnrin wa máa là mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ìparí eré. Òun ni fíìmù yìí. Wọ́n ti yà á ní fọ́tò fún pátákó ìpolówó."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ò..."

"Ìyẹn ò kí ni?"

Kí ló fẹ́ sọ? Tó bá ní ojúlówó ni, ìdajì òṣìṣẹ́ á sá lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni tó fi irun ọmọ rẹ̀ sínú pósí á sì mọ ibi tí ààbò ọmọ náà wà. Ẹyin lohùn. Ó gbé e mì.

"Ìyẹn ò tó, Ọ̀gá. Ẹyọ kan ò lè tó. Ẹ jẹ́ n ṣe irú ẹ̀ márùn-ún sí i, torí tí ẹ bá fẹ́ tún un yà."

"Kó jọra o. Kámẹ́rà ò mọ ojú àánú."

Kò sí ẹni tó yẹ kó sọ ìyẹn fún Ìyá Ẹrù. Kó tó ṣe ohunkóhun, ó fi abẹ́rẹ́ fa ilà kékeré kan sí ìdí ojúlówó kó má bàa sọnù mọ́ òun lójú. Ó wá fi pilásítà, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń po mọ́ omi kó lè le, bo kòlòbó náà, ó jẹ́ kó le, ó la pilásítà sí méjì, ó yọ kòlòbó kúrò, ó ń tẹ amọ̀ sí àyè rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sun márààrún nínú iná. Ó rọ yanrìn sínú wọn, ó wọ̀n wọ́n lórí òṣùwọ̀n títí ìwọ̀n wọn fi bá ti àkọ́kọ́ mu. Ó fi irú aṣọ kan náà dí ẹnu wọn, ó ka ìdì òwú, ó dì í bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó to mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí èéfín pọ̀ kí àwọ̀ wọn lè bára mu. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é, kò gbé ojú sókè, iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn.

Ìgbà tí èéfín tán ló wá yí wọn délẹ̀ láti mú tirẹ̀ kúrò. Ilà wà nídìí àkọ́kọ́. Ilà wà nídìí ìkejì. Ó sáré yí àwọn tó kù. Ó ti fa ilà náà kó tó da pilásítà, pilásítà sì ti gba ilà mọ́ ìkòkò. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló ní i. Ó fi wọ́n sí imú, èéfín ni gbogbo wọn ń rùn. Ó fi wọ́n sí etí, yanrìn ni gbogbo wọn ń mì. Ìyá Ẹrù, tí wọ́n ń pè káàkiri torí pé kò sí ohun tí kò lè ṣe irú rẹ̀, ti ṣe é dáadáa jù.

*

Ó gbé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ẹnu ọ̀nà Ìyá Olówùú. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ẹni tó ń ta lésì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ó lọ wo ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ẹtì yẹn ni wọ́n máa ya ìparí eré.

Ìyá Ẹrù fi ara balẹ̀ ro ó. Òṣèrébìnrin ló máa fọ́ kòlòbó, àjèjì ni. Ohunkóhun tó bá fọ́, Ìyá Olówùú á di òmíràn lọ́jọ́ Ẹtì. Kò dára, àmọ́ kò tíì burú. Ó sùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òṣèrébìnrin náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn tí Káfíńtà kàn, ìgbésẹ̀ kẹta fọ́ lábẹ́ rẹ̀, egungun kókósẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́. Káfíńtà kúnlẹ̀ ti pátákó náà, ó ń fọwọ́ pa á. "Mo kàn án," ó ń sọ, "mo fi ọwọ́ ara mi kàn án, ìṣó mẹ́jọ ni." Pátákó náà kò jẹrà. Ìṣó mẹ́jọ ló wà lára rẹ̀ lóòótọ́, kò sì sí ọ̀kan tó ní orí.

Olùdarí rìn yípo nínú gbọ̀ngàn, ó fọwọ́ lérí. Ó wá dúró.

"Ẹ̀yìn rẹ̀ àti ọwọ́ nìkan ni kámẹ́rà máa rí. Ìyá Ẹrù, ọmọ yín ńkọ́? Àwọn méjèèjì ga bára mu, ọwọ́ ẹ̀ sì dára ju ti òṣèré mi lọ."

"Ọ̀gá, rárá. Ara ẹ̀ ò tíì yá."

"Ara mi ti yá, Mọ́mì!" Ọmọ náà ti sáré dé. Láti kékeré ló ti ń di ẹrù mú fún àwọn ẹlòmíràn, kò sí ìgbà kan tí kámẹ́rà kọjú sí i rí. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jọ̀ọ́ o. Mi ò ní bà á jẹ́."

Ohun tó ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá Ẹrù wo ojú ọmọ rẹ̀, ó wo ojú àwọn òṣìṣẹ́ tó ń dúró de ẹnu rẹ̀. Ó ní kò burú.

Ó ti mọ ohun tó máa ṣe. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó fi ìda dí ilà ìdí ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tún da pilásítà bò ó, ó sì ṣe mẹ́fà tuntun. Pilásítà lásán ló fi ṣe àwọn tuntun náà, ẹni tó ń kánjú kò ráyè amọ̀. Àwọn tuntun yìí ló máa gbé lọ fún kámẹ́rà. Ó kó mẹ́fà ti tẹ́lẹ̀ sínú páálí, ó fi aṣọ wé wọn, ó tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Wọ́n ní kó má gbé e sílé, ó mọ̀, àmọ́ ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Olówùú á mọ ìdì òwú ara rẹ̀.

*

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, ó kó àwọn tuntun lọ sí gbọ̀ngàn. Káfíńtà nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó fọ́. Ó ti rù.

"Ìyá Ẹrù, ẹ jókòó, ẹ jọ̀ọ́."

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n Káfíńtà?"

"Pósí yẹn. Èmi ni mo ṣe é."

Kò kọ́kọ́ yé e. Lẹ́yìn náà ó yé e, ó sì jókòó lóòótọ́. Káfíńtà sọ gbogbo rẹ̀ láìgbójú sókè: ẹ̀rín àwọn òṣìṣẹ́, kóòmù, aago. Nígbà tó parí, Ìyá Ẹrù gbá a létí, ó tún gbá a létí, ọkùnrin náà kò gbé ọwọ́ sókè láti dí i.

"Ọmọ mi ṣẹ̀ yín? Ọmọ mi tó ń kí yín ní Bàbá?"

"Mo padà lọ bá aláago náà láàárọ̀ yìí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ní kó gba ọwọ́ mi méjèèjì dípò." Omi ń dà lójú rẹ̀. "Ó ní òun náà ò lè fà á yọ. Ó ní ohun tí ẹ fi dì í nìkan ló dá a dúró, àfi kí ọwọ́ ọmọ náà fọ́ ọ. Ìyá Ẹrù, ẹ má jẹ́ kó ṣe eré yẹn lọ́la. Ẹ mú un sá lọ."

"Mo ti pàrọ̀ wọn. Èké lásán ló wà lórí tábìlì yẹn. Kò sí ìkankan tó lè pa eṣinṣin nínú wọn."

Káfíńtà mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ tún yí padà.

"Ó bi mí ní ìbéèrè kan bí mo ṣe ń jáde. Ó ní ṣé ọmọ náà fẹ́ràn iṣẹ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn rẹ́rìn-ín, ó padà sídìí aago ẹ̀. Kí ló ní lọ́kàn?"

Ìyá Ẹrù ti dìde. Ó ń kánjú lọ sílé. Ẹ̀yìnkùlé ló ti bá ọmọ rẹ̀, ó ń gbálẹ̀, ó ń kọrin. Ó sáré wọ yàrá, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Páálí wà ní ipò rẹ̀, aṣọ wà lórí rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó dá iná.

*

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Wọ́n fi aṣọ dúdú dí fèrèsé kí ó lè dà bí òru. Ọmọ náà wọ aṣọ funfun tí apá rẹ̀ gùn dé ìka. Ó ń gbọ̀n díẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan?"

"Inú mi ló ń dùn jù, Mọ́mì."

Ìyá Ẹrù fúnra rẹ̀ ló gbé kòlòbó èké lé e lọ́wọ́ òsì, torí ọwọ́ yẹn ni ọmọ náà nà. Káfíńtà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbàdúrà sínú. Olùdarí ní ó yá. Ọmọ náà rìn la ọ̀dẹ̀dẹ̀ pátákó kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń falẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí apá kan bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ibi jíjìn. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìyẹn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé kòlòbó sókè, ó dúró fún ìwọ̀n èémí kan, ó sì là á mọ́lẹ̀.

Olùdarí wá fò sókè.

"Ó parí! Kò sí pé à ń tún un ṣe! Níbo lẹ ti rí ọmọ yìí?"

Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Ẹrù náà pàtẹ́wọ́, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ikú tó fẹ́ pani tó ṣíni ní fìlà, ọpẹ́ ló yẹ ká dú. Ó ku òní, kó di ọ̀la. Ó lọ gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra níbi tó jókòó sí lórí àga.

"Ẹ rí i, Mọ́mì? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo! Mo sọ fún yín pé mi ò ní bà á jẹ́."

"Ta ló kọ́ ẹ? Bóo ṣe dúró yẹn, kóo tó là á mọ́lẹ̀?"

"Mo ti kọ́ ọ láná." Ọmọ náà rẹ ohùn sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjì. "Ẹ má bínú. Àwọn ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àwọn tí ẹ ti patì. Torí ẹ ṣe tuntun, mo mọ̀ pé ẹ ò nílò wọn mọ́. Mo fi kọ́ṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. Èyí àkọ́kọ́ ò dáa rárá. Nígbà tí mo dé ìkẹfà, ó ti mọ́ mi lọ́wọ́."

"Mélòó lo fọ́?"

"Gbogbo ẹ̀, Mọ́mì. Mo gbálẹ̀ mọ́, mo dá páálí padà."

Ìyá Ẹrù ká apá aṣọ funfun náà sókè lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́. Ó fọwọ́ kan ìgúnpá. Ó ki ọwọ́ bọ ọrùn aṣọ, ó fi kan èjìká ọmọ rẹ̀, ó sì sún un díẹ̀díẹ̀ sọ́nà àyà, kò dé ibi tó gbóná. Lẹ́nu ọ̀nà, Káfíńtà rí ojú rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló dé? Ṣé ẹ ń bínú ni?"

"Mi ò bínú."

"Ó rẹ̀ mí díẹ̀." Ó gbé orí lé ìyá rẹ̀ láyà. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi, kì í ṣe torí ẹ jẹ́ ìyá mi. Ṣé mo ṣe é dáadáa?"

Ìyá Ẹrù fi aṣọ orí rẹ̀ wé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná ẹnu rẹ̀ sí i lọ́rùn.

"O ṣe é dáadáa, ọmọ mi," ó ní. "Kò sẹ́ni tó lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ."